Ta Ni Yóò Wọn Afẹ́fẹ́?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Èmùré-Èkìtì

  Nígbà tí àwọn tó pè mí gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eré ìje ni mo fẹ́ sọ, wọ́n wò mí bí ẹni tí oòrùn pa. Wọ́n ní kí ló kan Èmùré nínú ọkọ̀ tí kò lè gba ọ̀nà wa kọjá? Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ yóò ti fọ́ kó tó dé Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n ń rò lórí ọkọ̀ náà ni mo wá sọ, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ti kan ọmọ ilẹ̀ wa kan rí.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti ibí lọ sí Ìkẹ́rẹ́, tí awakọ̀ sì ń sáré dáadáa, ẹ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé díẹ̀ (ẹ má ṣe é bí tírélà bá ń bọ̀ o). Bí ẹ bá gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ sókè, afẹ́fẹ́ á gbé ọwọ́ yín sókè. Bí ẹ bá dà á wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ló ń gbé bàálù fò. Èkejì ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ eré ìje ń lò: wọ́n fi ìyẹ́ sí ọkọ̀ lára kí afẹ́fẹ́ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ọ̀dà mú, kí awakọ̀ lè gba kọ́nà láìdín eré kù púpọ̀. Ẹrù ni afẹ́fẹ́ ń dì lé ọkọ̀ náà, àmọ́ ẹrù tí kò ní hàn lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí adájọ́ kì í lè wọn ọkọ̀ àfi tó bá dúró.

Ọdún 1968 ni ìyẹ́ wọ ìdíje ọkọ̀ eré ìje tí wọ́n ń pè ní Formula 1. Nígbà tó fi máa di 1969, wọ́n ti ń gbé e sórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gíga fíofío. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún náà, ní Montjuïc nílùú Barcelona, ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ Lotus méjì já lórí eré. Ọkọ̀ Graham Hill àti ti Jochen Rindt fọ́ yángá. Àwọn awakọ̀ yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Rindt farapa. Nígbà tí wọ́n dé Monaco fún ìdíje tó tẹ̀ lé e, àárín ìdánrawò ni àwọn aláṣẹ ti fòfin de ìyẹ́. Wọ́n padà gbà á láàyè lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ ga jù, ó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ mì. “Kò gbọdọ̀ mì” yìí, ẹ fi í sọ́kàn.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, ní Anderstorp ní Sweden, Gordon Murray tó ń ya àwòrán ọkọ̀ fún ẹgbẹ́ Brabham gbé fáànù ńlá kan sí ìdí ọkọ̀. Fáànù náà ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ á sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́. Àwọn yòókù pariwo pé ohun tó ń yí ni, òfin sì ní ohun tó ń darí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ mì. Brabham dáhùn pé iṣẹ́ fáànù náà gan-an ni kó mú ẹ́ńjìnnì tutù. Bó bá tún tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, èènì ni. Niki Lauda ló gba ipò kìíní, ó fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 34 ṣáájú ẹni kejì. Wọn kò fọwọ́ kan èsì náà, àmọ́ ọkọ̀ yẹn kò tún sáré nínú ìdíje àgbáyé mọ́. Ìbínú àwọn olówó ẹgbẹ́ yòókù ló lé e kúrò kí adájọ́ tó rí i sọ. Èmi kò fẹ́ràn irú ìparí bẹ́ẹ̀ rárá.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti 2009. Ní December 2008, iléeṣẹ́ Honda ní àwọn kò ṣe Formula 1 mọ́. Ross Brawn tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ẹgbẹ́ náà ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, wọ́n sọ ọ́ ní Brawn GP. Ní ìdíje àkọ́kọ́ ní Melbourne, ọkọ̀ wọn méjèèjì ló gba ipò kìíní àti ìkejì. Àṣírí rẹ̀ wà lábẹ́ ìdí ọkọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Òfin ní ibi tí ènìyàn bá lè rí láti abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dí pátápátá, kò gbọdọ̀ ní ihò. Ṣùgbọ́n ìpele méjì ni abẹ́ ọkọ̀ náà ní, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ẹgbẹ́ Brawn, Toyota àti Williams la àyè sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìpele kan ti pàdé èkejì. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó wo òkè tààrà kò ní rí ihò kankan. Afẹ́fẹ́ ló mọ ọ̀nà tó ń gbà.

Ferrari, Renault, Red Bull àti BMW gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àjọ FIA ní Paris. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe ohun tí aṣòfin ní lọ́kàn nìyí. Wọ́n ti fẹ́ kí agbára afẹ́fẹ́ dín kù lọ́dún náà, àwọn mẹ́ta yìí sì ti dá a padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ní April 15, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ nù: ohun tí a kọ sílẹ̀ la ó fi dájọ́. Jenson Button gba mẹ́fà nínú ìdíje méje àkọ́kọ́, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ọdún náà. Àwọn kan máa ń pa á bí àlọ́ pé tálákà borí olówó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín: owó Honda ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan dúró níwájú àwọn alágbára, tó sì bọ́, torí pé òfin wà nínú ìwé, kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè sọ fún mi pé rúlà tí a fi ń wọn ohun tí òfin kọ sílẹ̀ máa ń ṣìkà. Ó máa ń ṣe é. Ní São Paulo ní November 2021, Lewis Hamilton ló yára jù nínú eré ìdánwò. Òfin ìgbà náà ní àyè tó ń ṣí sílẹ̀ nínú ìyẹ́ ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 85. Tirẹ̀ fi mìlímítà 0.2 lé. Àwọn adájọ́ gbà pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n sì dá a padà sẹ́yìn gbogbo èrò. (Max Verstappen náà san ẹgbẹ̀rún àádọ́ta owó Yúróò torí pé ó fọwọ́ kan ìyẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣeré.) Hamilton padà borí ìdíje náà ní ọjọ́ Àìkú.

Àìsàn mìíràn tún wà lára rúlà: ẹni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n á mọ bó ṣe máa dúró. Láti mọ̀ bóyá ìyẹ́ ń mì, wọ́n máa ń gbé ẹrù lé e nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á wo bó ṣe tẹ̀ tó. Ẹgbẹ́ á wá ṣe ìyẹ́ tó le koko lábẹ́ ẹrù yẹn, tó sì máa tẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ gidi bá dé. Ní 2021 wọ́n mú ìdánwò náà le sí i. Ní Spain ní June 2025, wọ́n tún dín ohun tí ìyẹ́ iwájú lè tẹ̀ kù láti mìlímítà 15 sí 10. Àwọn alátakò ẹgbẹ́ McLaren ti ń retí pé McLaren á jábọ́. Ní ọjọ́ ìdíje náà gan-an, McLaren ló gba ipò kìíní àti ìkejì. Láti 2026 wàyí, òfin tuntun ti fún gbogbo ọkọ̀ láyè láti máa yí ìyẹ́ padà lórí eré.

Èwo ló wá kàn wá? Ní July 24, 2022, nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé nílùú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tóbi Àmúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà onídìínà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Láti 2016 ni àmì àgbáyé 12.20 ti Kendra Harrison ti wà nílẹ̀. Ṣáájú Tóbi, kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà tó di àmì àgbáyé mú nínú eré sísá rí. Michael Johnson, ọ̀gá nínú eré sísá, kọ́kọ́ ní òun ò gba aago gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo bàtà dìde. Bàtà Adidas tó wọ̀ jẹ́ irú èyí tí àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ń wọ̀, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun tẹ́lẹ̀, tí òun fi bèèrè èyí tó rọ̀. Àwọn kan ní bàtà náà ń ta ènìyàn sókè, kò yẹ eré yẹn.

“Kò yẹ.” Bẹ́ẹ̀ náà ni Ferrari ṣe wí ní Paris. Òfin World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá, nígbà yẹn ní àtẹ́lẹ̀ bàtà eré onídìínà kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 20, bàtà náà kò sì kọjá rẹ̀. Àjọ náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí àmì náà. Bó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn àwọn àgbààgbà eré la fi dájọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ rò ó wò, ta ni ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ní nínú wọn tó máa bá a sọ̀rọ̀?

Rúlà yìí kan náà ló tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àṣekágbá ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sá 12.06. Afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n lẹ́yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà 2.0 ni òfin mọ. Ó gba wúrà, àmọ́ 12.06 kò wọ ìwé àmì àgbáyé. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi mìlímítà 20 gbèjà ara rẹ̀ kò lè fi mítà 2.0 ṣeré.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa sáré ní Èmùré, Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́: World Athletics ní àtòkọ bàtà tí wọ́n fọwọ́ sí, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n máa ń yí òfin ìnípọn padà, ti November 2024 ti yàtọ̀ sí ti ìgbà Tóbi, torí náà ẹ tún un wò kí ẹ tó ra bàtà fún ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ mú lọ sí ìdíje ńlá. Bí ẹ bá rà á lọ́jà òkìrìkà, ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀, ẹ fi wé ti àtòkọ.