Kí Ẹ Tó Da Oògùn Sínú Omi

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ tó dilẹ̀ ṣe nínú ilé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ọ̀pọ̀ yín ń retí, nítorí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ń ṣe. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá. Kì í ṣe ẹja àrọ̀ tí a ń sìn fún títà o. Ẹja òkun ni, èyí tí àwọn ènìyàn ń sìn sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀, tí wọ́n fi omi oníyọ̀ kún, tí àlejò á wọlé tí á kọ́kọ́ dúró wò ó kó tó jókòó. Láti ìgbà tí fíìmù Finding Nemo ti jáde ní 2003 ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti mọ ẹja aláwọ̀ ọsàn onílà funfun yẹn, àti èkejì rẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń pè ní blue tang. Àwọn kan nínú yín ti rà á fún àwọn ọmọ. Àwọn kan ti sin òkú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí. Bí ẹja yín bá ń ṣàìsàn, ẹ má sáré da oògùn sínú omi. Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ àrùn tó ń ṣe é. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó gbé e lọ síbi tí oògùn kò ti ní pa àwọn ará ilé rẹ̀ yòókù. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà, owó rẹ̀ á lọ, ẹja rẹ̀ á sì tẹ̀ lé owó náà.

Nígbà tí mo wà ní Pólì, ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ wa ní iṣẹ́ ìròyìn: ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo, kí ló fà á. Akọ̀ròyìn tó bá kọ ìdáhùn ìkarùn-ún kó tó béèrè mẹ́rin ìṣáájú, irọ́ ni yóò gbé jáde. Bákan náà ni fún ẹni tó ń sin ẹja.

Ta ni? Ṣé ẹja kan ni àbí gbogbo wọn? Bí gbogbo wọn bá jọ sún sókè omi lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi tàbí afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Bí ẹ bá rí àmì funfun bí ìgbà tí a wọ́n iyọ̀ sí i lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní marine ich. Bí ó bá dà bí eruku kíkúnná, tí ẹja ń sá fún iná, tí ó lọ ń lúwẹ̀ẹ́ síbi tí pọ́ǹpù ti ń tu omi, ẹ fura sí velvet, èyí tó lè pa ẹja láàrin ọjọ́ díẹ̀. Níbo ni àmì náà wà, ara ni tàbí ojú, àbí etí lẹbẹ tó ń ya? Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé lẹ́yìn tí ẹ ra ẹja tuntun ni, àbí lẹ́yìn tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì wà níjokòó, wọ́n á jẹ́rìí sí i pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kò rí i.

Ó wá kan omi. Omi òkun gidi ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ yóò máa ka nǹkan bíi 1.025. Kí ooru rẹ̀ wà láàrin ìwọ̀n Celsius 25 sí 26. Ammonia, ìyẹn oró tó ń jáde láti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù, kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni nitrite. Ohun èlò àyẹ̀wò tó ń yí àwọ̀ padà wà lọ́jà fún un. Bí ẹ bá rí ammonia, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà, kí omi tuntun sì bá ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba ní iyọ̀ àti ooru. Ẹ pa chlorine tó wà nínú omi ẹ̀rọ kí ẹ tó lò ó. Bí ooru bá sì fa omi inú àpótí gbẹ díẹ̀, omi lásán ni kí ẹ fi dí i. Omi ló gbẹ, iyọ̀ kò bá a lọ. Ẹni tó ń fi omi oníyọ̀ dí i, ó ń fi ọbẹ̀ oníyọ̀ kún ọbẹ̀ oníyọ̀ ni.

Ẹ tún rántí afẹ́fẹ́. Omi tó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ tó omi tútù, omi oníyọ̀ kì í sì í gbà á tó omi lásán. Ní ilẹ̀ wa níbí, tí iná lè lọ nígbàkígbà, ẹ̀rọ kékeré onípáànù bátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ṣe pàtàkì ju oògùnkóògùn lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ àrùn káàkiri, tó sì jẹ́ pé èémí ló ń wọ́n ẹja.

Bí omi bá dára tí àmì funfun ṣì wà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò tó ń fa ich, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Cryptocaryon irritans ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́. Ó máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje lára ẹja, tí yóò máa jẹ ẹran ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà á já bọ́, á lẹ̀ mọ́ iyanrìn tàbí òkúta, á fi èèpo líle bo ara rẹ̀, á sì máa pín ara rẹ̀ nínú ibẹ̀. Ọ̀kan lè di ohun tó lé ní 100. Àwọn kan á jáde láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn mìíràn á tó oṣù kan, wọ́n sì ti rí èyí tó pẹ́ tó ọjọ́ 72. Bí àwọn ọmọ náà bá jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹja lẹ̀ mọ́ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kú.

Ṣé ẹ ti rí ẹ̀tàn ibẹ̀? Ní ọjọ́ karùn-ún, àmì funfun á pòórá. Bàbá ilé á pe ìyàwó, "Wá wò ó, ara rẹ̀ ti yá!" Ara kò yá o. Ìyá kòkòrò lọ bímọ ni. Bí àwọn ọmọ bá dé, wọ́n á pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nínú òkun tó gbòòrò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn kì í rí ẹja kankan kí wọ́n tó kú. Nínú àpótí lítà 200 ńkọ́? Níbo ni ẹja fẹ́ sá sí? Àwa la gbé e síbi tí kò ti lè sá. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú rẹ̀ fi di ọ̀ràn-anyàn lọ́rùn wa.

Ẹnìkan tí mo mọ̀ ní Èkó rí àmì náà lára blue tang rẹ̀, ó sáré ra oògùn tí wọ́n fi bàbà ṣe, ó dà á sínú àpótí ńlá. Bàbà ń pa kòkòrò náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń pa edé, ìgbín òkun àti iyùn pẹ̀lú. Edé kú, ìgbín kú, iyùn pa ara dé. Òkú wọn ń jẹrà, ammonia gòkè. Ẹja tí kòkòrò kò tíì pa, omi ló pa á. Owó oògùn ló fi ra ikú.

Kí ni kí ó ti ṣe? Àpótí ìtọ́jú ni, ìyẹn ọsibítù ẹja. Kò ní nǹkan ìnáwó púpọ̀. Fún àwọn ẹja kéékèèké, àpótí lítà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi iyanrìn tàbí òkúta iyùn sí i, nítorí wọ́n máa ń fa bàbà mọ́ra. Ẹ fi hítà sí i, fílítà onífóòmù, afẹ́fẹ́, àti gígé páìpù omi tí ẹja lè sá pamọ́ sí. Kí ó ní ìdérí, nítorí ẹja tí ẹ̀rù ń bà máa ń fò jáde. Kí àwọ̀n àti báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ má kan àpótí ńlá rárá.

Gbogbo ẹja ni kí ẹ kó lọ síbẹ̀, títí kan èyí tí kò ní àmì. Bí oògùn bàbà lásán ni, kí ó wà láàrin mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà omi kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, kòkòrò á yè é; bí ó bá ga jù, ẹja á kú. Àwọn oògùn bàbà kan wà tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀, nítorí náà ohun tí a kọ sára ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀? Kòkòrò tó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nìkan ni bàbà ń pa. Kì í rí èyí tó wà lára ẹja tàbí èyí tó wà nínú èèpo pa.

Ẹni tí kò bá fẹ́ lo bàbà lè dín iyọ̀ kù nínú àpótí ìtọ́jú, láti 35 wá sí 16 tàbí díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, kí ó sì dá a padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹja lè fara dà á, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò ich kò lè fara dà á. Àmọ́ kì í wo velvet o. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ mọ orúkọ àrùn kí ẹ tó yan oògùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ pé kí ẹ ta iyọ̀ sí i. Iyọ̀ wúlò fún ẹja omi lásán. Ẹja tó ń gbé inú iyọ̀, kí ni iyọ̀ fẹ́ bá a ṣe? Bẹ́ẹ̀ náà ni áyù. Ó lè mú kí ẹja jẹun, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo ich. Ẹ má fi dípò oògùn.

Nígbà tí àwọn ẹja bá wà ní ọsibítù, àpótí ńlá á wà láìsí ẹja kankan. Edé, ìgbín àti iyùn á wà níbẹ̀, ẹ ó máa tọ́jú wọn. Ọjọ́ 76 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń kà, kí kòkòrò tó pẹ́ jù nínú èèpo lè jáde, kó má rí ẹja, kó sì kú. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ojú á máa ti onílé, àlejò á máa béèrè pé ẹja dà. Ìyá kan sọ fún mi pé ní ọjọ́ ogójì, ọkọ òun ní kí àwọn kó wọn padà. Ìyá náà kọ̀. Ó ní òun ti kọ ọjọ́ tó pé sára kàlẹ́ńdà, ọjọ́ yẹn lòun ń retí. Àwọn ẹja rẹ̀ padà sílé, àmì náà kò sì padà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èyí tó dára jù ni kí àrùn má wọlé rárá. Ẹja tuntun tí ẹ bá rà, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ẹ fi sínú àpótí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí agara ẹja bá sì dá yín lọ́jọ́ kan, ẹ fún ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n sìn. Ẹ má lọ dà á sínú ọ̀sà tàbí òkun wa. Kì í ṣe ilé rẹ̀, a kò sì mọ àrùn tí yóò gbé bá àwọn onílé.

Ẹ̀yin ará ilé ẹ̀kọ́ wa, bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé ẹni tí kò ní ẹja kankan nílé wà níbí. Kó máa fọkàn balẹ̀, kò pọn dandan kó lọ rà á. Ẹni tó bá ti ní ni mo ń bẹ̀, kí ó ra ohun èlò àyẹ̀wò omi lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wá àyè àpótí kejì sí igun yàrá, kí ó tó di ọjọ́ tí yóò rí àmì funfun. Lọ́jọ́ náà, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ẹni tó ti múra sílẹ̀ àti ẹni tí kò múra ni ẹ̀mí ẹja náà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí àwọn olùkọ́ wa sí fún wa. Bí a ti pé lónìí, a ó tún pé báyìí lámọ́dún, ẹnikẹ́ni kò ní dín nínú wa.