Alágbára Abẹ́ Ìka: Ọ̀rọ̀ Lórí Púrósẹ́sọ̀ Tí Ń Bẹ Nínú Kíbọ́ọ̀dù



Ohun tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò jìnnà sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Kíbọ́ọ̀dù ni, pátákó tí akọ̀wé ọ́fíìsì ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìbi í léèrè ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé kọ̀ǹpútà nìkan ni ọlọ́gbọ́n, pé kíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ ju kó gba ìka lọ. Mo fẹ́ fi yé yín pé kọ̀ǹpútà mìíràn, kọ̀ǹpútà tòótọ́, ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ àwọn bọ́tìnnì náà. Pé èyí tó wà nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù ìwòyí kan lágbára fíìfíì ju odindi kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbé sórí tábìlì ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Àti pé agbára yìí, tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ rán níṣẹ́, kan àwa tí à ń kọ èdè olóhùn àti alámì ju bó ti kan ẹlòmíràn lọ.

Tápírétà tí àwọn akọ̀wé ẹnu ọ̀nà kóòtù fi ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kò ní ọpọlọ kankan, kò sì nílò rẹ̀. Irin ni bọ́tìnnì rẹ̀, irin ni apá tó so mọ́ ọn. Bí ìka bá ti tẹ̀ ẹ́, apá náà á dìde, á gbá lẹ́tà mọ́ ríbọ́ọ̀nù, á gbá ríbọ́ọ̀nù mọ́ pépà, iṣẹ́ parí. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì tó wà lórí rẹ̀ lè lé ní ọgọ́rùn-ún, bí a bá sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, wáyà náà á pọ̀ jù, owó rẹ̀ á sì ga jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to àwọn bọ́tìnnì sí ìlà ìbú àti ìlà òòró, tí púrósẹ́sọ̀ kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí mo ní ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́tìnnì, sì ń fi iná ránṣẹ́ sí ìlà ìbú kan lẹ́yìn òmíràn, tó ń wo ìlà òòró tí iná náà bá jáde, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ àdúgbò tí ń yí òpópónà ká lóru, tí ń fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ṣí sílẹ̀. Àmọ́ ọdẹ tiwa yìí lè yí gbogbo àdúgbò ká ní ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Iṣẹ́ náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí irin méjì inú bọ́tìnnì bá pàdé, wọn kì í dì mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kanra, wọ́n á ta kúrò, wọ́n á tún kanra, fún ìwọ̀n ìgbà tí kò tó ìpajú, kí wọ́n tó farabalẹ̀. Bí a bá gba gbogbo ohun tí irin wí gbọ́, lẹ́tà kan ṣoṣo tí a tẹ̀ á di mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú síkírínì. Púrósẹ́sọ̀ ni yóò ní sùúrù, tí yóò dúró bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, kó tó gbà pé òótọ́ ni ìka sọ. Ìgbà náà ni yóò fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, púrósẹ́sọ̀ Intel 8088 ni wọ́n fi ṣe ọpọlọ rẹ̀, aago rẹ̀ sì ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 4.77 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó kéré jù lọ nínú wọn ní àyè ìrántí kìlóbáìtì 16. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnnì 83 jókòó sí, Intel 8048 ló sì wà nínú kíbọ́ọ̀dù náà, tí òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kìlóbáìtì 1 lọ, tí àyè tó fi ń rántí nǹkan kò sì ju báìtì 64 lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀: kọ̀ǹpútà méjì ni ẹni tó ra ọ̀kan ń gbé lọ sílé. Ní ọdún 1985, kọ̀ǹpútà Atari ST náà ní púrósẹ́sọ̀ HD6301 nínú kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, tó ní àyè ìrántí báìtì 128, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ máòsì àti ọ̀pá ìṣeré kún iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe kíbọ́ọ̀dù fẹ́ràn púrósẹ́sọ̀ kan tí ń jẹ́ ATmega32U4, tí aago rẹ̀ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ní kìlóbáìtì 32 fún òfin iṣẹ́ àti kìlóbáìtì 2.5 fún ìrántí. A rò pé ó parí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Raspberry Pi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé RP2040 jáde, aṣiṣẹ́-má-sùn, akàyé-má-ṣìkà, yanrìn tí iná jó tó di ọlọ́gbọ́n. Ọpọlọ méjì ló wà nínú rẹ̀, aago wọn ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 133 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àyè ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kìlóbáìtì 264. Kò pẹ́ tí àwọn oníkíbọ́ọ̀dù fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ IBM 1981 tó kéré jù, àyè ìrántí rẹ̀ lé ní ìlọ́po 16, lílù aago rẹ̀ sì sún mọ́ ìlọ́po 28. Bí a bá sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 8048 tó jẹ́ baba ńlá rẹ̀ nínú iṣẹ́, àyè ìrántí rẹ̀ ju ìlọ́po 4,000 lọ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe o: wíwo bọ́tìnnì tí ìka tẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni kọ̀ǹpútà Raspberry Pi 500 tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ wà nínú kíbọ́ọ̀dù, odindi, pẹ̀lú púrósẹ́sọ̀ ọlọ́pọlọ mẹ́rin. Síbẹ̀ wọ́n tún fi RP2040 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilé kan náà, pé kí ó máa bá a ka bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tó ń tẹ ọgọ́ta ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kò tẹ̀ ju bí bọ́tìnnì márùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín bọ́tìnnì kan àti èkejì, aago RP2040 ti lù ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 26. Kí ni ó ń fi gbogbo àkókò náà ṣe? Ó ń yí ìlà rẹ̀ ká, kò rí nǹkan kan, ó tún ń yí i ká.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé kì í ṣe ìnáàpà nìyẹn. Rárá. Àwọn kíbọ́ọ̀dù tí owó wọn kéré jù lọ lọ́jà ṣì ń lo púrósẹ́sọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n iye tí a ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé agbára rẹ̀. Pípọ̀ tí wọ́n ń ṣe é jáde ló ń sọ ọ́ di pọ́ọ́kú, RP2040 sì ń lọ ní dọ́là kan. Oníṣòwò tó lè fi dọ́là kan ra alágbára kò ní ìdí láti wá aláìlágbára kiri. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dá Ifá ọrọọrún: lónìí bọ́tìnnì nìkan ni, lọ́la wọ́n á ní kí iná aláwọ̀ oríṣiríṣi máa tàn lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà máa fi àṣírí di ọ̀rọ̀ kó tó rán an, tàbí kí ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta eré orí kọ̀ǹpútà máa jábọ̀ ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èmi kò rí ohun tí ìka ọmọ ènìyàn fẹ́ fi 8,000 ṣe, ṣùgbọ́n owó wọn ni wọ́n ń ná.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ní ọdún 2009, níbi àpérò Black Hat ní ìlú Las Vegas, olùwádìí kan tí ń jẹ́ K. Chen fi han gbogbo ayé pé òun lè yí òfin inú kíbọ́ọ̀dù Apple padà. Kìlóbáìtì 8 péré ni àyè òfin inú púrósẹ́sọ̀ rẹ̀, báìtì 256 ni ìrántí rẹ̀, síbẹ̀ ó tó láti fi amí pamọ́ sí, amí tó lè gbọ́ gbogbo ohun tí olówó rẹ̀ bá tẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí olówó náà bá fura, tó pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, tó tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀, pàbó ni, nítorí pé inú kíbọ́ọ̀dù ni amí wà. Ní ọdún 2014, Karsten Nohl àti Jakob Lell fi han níbi àpérò kan náà pé ohun èlò USB mìíràn, irú èyí tí a fi ń kó fáìlì kiri, ṣeé yí lọ́kàn padà kó máa pe ara rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà á sì gbà á gbọ́. Bí báìtì 256 bá lè ṣe báyìí, ẹ ro ohun tí kìlóbáìtì 264 lè ṣe. Àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ẹni tó bá ra kíbọ́ọ̀dù fún ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé ìjọba yẹ kó bèèrè ẹni tó kọ òfin inú rẹ̀, àti bóyá ẹlòmíràn lè yí i padà.

Wàyí o, mo padà sórí nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Kíbọ́ọ̀dù kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nínú àdéhùn USB tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1990, nọ́ńbà 4 dúró fún ipò tí lẹ́tà a jókòó sí, 5 fún b, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé z tó jẹ́ 29. Q ni 20. Ọmọ Yorùbá tó ń tẹ̀wé ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin, níbi tí kíbọ́ọ̀dù Faransé ti wọ́pọ̀, tẹ bọ́tìnnì kan, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sọ pé 20, lẹ́tà a sì jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì tó wà ní ipò kan náà ní Èkó, kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ náà sọ pé 20, lẹ́tà q sì jáde. Kọ̀ǹpútà ló ń túmọ̀. Nínú gbogbo nọ́ńbà náà, kò sí èyí tí wọ́n fi jíǹkí lẹ́tà ẹ, kò sí ti lẹ́tà ọ, kò sí ti lẹ́tà ṣ.

Ìyà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n, ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ọdún 1875 lórí àkọtọ́ Yorùbá. Tápírétà tó wá dé lẹ́yìn náà kò gbọ́ ohun tí ìpàdé wí. Akọ̀wé á tẹ e àti o lásán, á wá mú bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí òǹkàwé máa fòye gbé e. Àwọn kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà: wọ́n ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà, àjọ African Languages Technology Initiative náà sì ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ní Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. A kí wọn. Síbẹ̀, ẹ wọ ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí kí ẹ wo kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ẹ óò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ kò láṣẹ láti fi ètò tuntun kankan sí i.

Ibí ni alágbára abẹ́ ìka ti lè wúlò. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ QMK, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi kọ òfin tuntun sínú kíbọ́ọ̀dù tó bá gbà á: kí bọ́tìnnì kan jẹ́ lẹ́tà bí a bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, kó sì di Ctrl bí a bá dì í mú. Ẹ jẹ́ kí a ní kí bọ́tìnnì kan máa kọ lẹ́tà ọ́, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè. Lórí Linux, nínú ọ̀pọ̀ ètò, bí a bá tẹ Ctrl, Shift àti u pọ̀, tí a tẹ 1ecd, tí a sì tẹ àlàfo, lẹ́tà ọ á jáde. Bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 0301, àmì ohùn òkè á gun orí rẹ̀. Bí a bá ka Ctrl, Shift àti u sí ìtẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ìka ì bá tẹ bọ́tìnnì fún lẹ́tà kan. Ta ló fẹ́ fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n púrósẹ́sọ̀ tí ń fi mílíọ̀nù 26 ṣeré láàárín ìtẹ̀ méjì lè tẹ méjèèjìlá kí ìka tó kúrò lórí bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ló tẹ̀ ẹ́.

N kò níí tàn yín. Lórí Windows, a sábà máa ń nílò ètò olùrànlọ́wọ́ kan nínú kọ̀ǹpútà. Lórí Mac, a ní láti yí ètò ìtẹ̀wé rẹ̀ sí èyí tí ń gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi gbà pé kọ̀ǹpútà ló yẹ kó gbọ́ Yorùbá láti ilé. Àmọ́ a kò lè tìtorí pé oúnjẹ ńlá ń bọ̀ kí a má fi ẹnu kan ohun tó wà nílẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ bí a ti ń kọ òfin sínú RP2040, wọn kò mọ ibi tó yẹ kí àmì ohùn jókòó sí. Àwọn ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá mọ èyí, wọn kò mọ tọ̀hún. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ̀ka méjèèjì jókòó pọ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kí ẹ fẹnu kò lórí ìtò bọ́tìnnì kan ṣoṣo, kí ẹ kọ òfin rẹ̀, kí ẹ dán an wò lórí Linux, Windows àti Mac, kí ẹ sì gbé e sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì mi kò tì. Kíbọ́ọ̀dù tí mo ń lò fúnra mi wà nílẹ̀ fún un láti tú palẹ̀.