Ẹ̀dá Tí Kò Lágbára: Bí A Ṣe Ń Wọn Káàdì Kékeré Nínú Ọ̀wọ́ Tí A Fọwọ́ Ara Wa Ṣe



Káàdì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ẹ̀dá kan ló wà lórí rẹ̀. Mánà mẹ́ta, ìyẹn owó inú géèmù, la fi ń pè é jáde, agbára ìkọlù rẹ̀ jẹ́ 2, ìfaradà rẹ̀ jẹ́ 2, kò sì mọ̀ ju kó kọlu ọ̀tá tàbí kó dínà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti ń gbá Magic: The Gathering tipẹ́ á ti dá a mọ̀. Gray Ogre ni, ó sì wà nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ géèmù náà ní 1993, èyí tí Richard Garfield dá sílẹ̀ tí Wizards of the Coast sì tẹ̀. Grizzly Bears wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọ̀ ewé ni tirẹ̀, pupa ni ti Ogre, àmọ́ 2 àti 2 ni òun náà, mánà méjì péré ló sì ń gbà. Ẹni tó bá fi méjèèjì wéra á ní kí a ju Ogre nù. Èmi ní kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nínú draft bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí di 2024, èèyàn mẹ́jọ ló ń yí tábìlì ká. Olúkúlùkù ní àpò mẹ́ta, káàdì 15 sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Á já àpò, á mú káàdì kan, á sì ti ìyókù sí ẹni tó jókòó tì í, títí gbogbo rẹ̀ á fi tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360. Káàdì 40 lèèyàn ń kó lọ sójú ìjà. Nǹkan bíi 17 nínú wọn jẹ́ ilẹ̀, káàdì tó ń mú mánà wá, tí wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà 23 péré ló ń lò nínú ohun tó ṣà. Ní ti èèyàn mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ 184. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ohun tí wọ́n já kò ní dé ojú ìjà rárá. Bí ẹ bá sọ gbogbo káàdì di alágbára, ìdajì náà á ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí ẹ ó kàn pàdánù ni ọgbọ́n ẹni tó mọ káàdì í ṣà. Mark Rosewater, tó ti ń darí iṣẹ́ ìṣẹ̀dá Magic láti 2003, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2002, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé káàdì tí kò dára kò ní ṣàìsí, torí ara wọn la fi ń wọn wọ́n.

Ibi tí Ogre wa ti ń jẹun, nígbà náà, ni ipò kejìlélógún àti ìkẹtàlélógún nínú 23 yẹn. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ta ni yóò bá pàdé? Bí ẹ̀dá 1 àti 1 bá pọ̀ nínú ọ̀wọ́ yín, Ogre á dínà mọ́ wọn, á pa wọ́n, kò sì ní kú. Bó bá jẹ́ ẹ̀dá 2 àti 1 onímánà méjì ló kún ibẹ̀, á pa wọ́n, àwọn náà á pa á, ẹ ó sì ti fi mánà mẹ́ta ra ikú oní méjì. Bí 3 àti 3 bá gba ibẹ̀ kan, ó ti kú kó tó jáde. Bí ọmọ ayò gan-an ló rí: kò sí èyí tó wúwo ju èkejì lọ, ihò tó bọ́ sí àti ẹni tó kàn láti ta ló ń sọ iye rẹ̀.

Ẹ wo Zendikar, ọ̀wọ́ Magic tó jáde ní 2009. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá níbẹ̀ ń lágbára sí i nígbàkigbà tí olúwa wọn bá gbé ilẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tó tètè kọlù ló sábà ń jèrè. Ẹ̀dá kékeré níyì níbẹ̀. Ní 2010, Rise of the Eldrazi dé. Eré falẹ̀, àwọn òmìrán tó ń gba mánà mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, ẹ̀dá 2 àti 2 kò sì rí nǹkan kan ṣe mọ́. Síbẹ̀ inú ọ̀wọ́ yẹn náà ni Student of Warfare wà: mánà kan, 1 àti 1, àmọ́ bí olúwa rẹ̀ bá ń san mánà díẹ̀díẹ̀, á di 4 àti 4 tó ń lu ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ornithopter, láti inú Antiquities ti 1994. Òfo ni mánà rẹ̀, òfo ni agbára ìkọlù rẹ̀, ìfaradà rẹ̀ jẹ́ 2, ó sì ń fò. Fúnra rẹ̀, kò lè yọ ẹyọ kan nínú ẹ̀mí 20 tí ọ̀tá ní. Wọ́n tún un tẹ̀ nínú Mirrodin ní 2003, níbi tí ohun èlò irin ti pọ̀. Nígbà tó di 2004, Cranial Plating jáde, tó ń fi agbára kan kún ti ẹ̀dá tó bá wọ̀ ọ́ fún ohun èlò kọ̀ọ̀kan tí olúwa rẹ̀ ní. Ẹyẹ tí kò lè pa eṣinṣin wá ń pa èèyàn láti òkè. Ẹnikẹ́ni kò yí ohun kan padà lára rẹ̀.

Àmọ́ mi ò gbèjà gbogbo aláìlágbára. Squire wà nínú The Dark, 1994: mánà méjì, 1 àti 2, kò sì sí nǹkan mìíràn. Mo ti gbé e yí ká inú oríṣiríṣi ọ̀wọ́, mi ò rí ibi tó ti níṣẹ́. Irú ìyẹn kàn ń gbàyè ni.

Ẹ̀yin tó ń ṣe ọ̀wọ́ káàdì tiyín, ẹ má sáré sọ Ogre di 3 àti 3. Ẹ̀dá onímánà mẹ́rin tó jẹ́ 3 àti 3 á di aláìwúlò lójijì, ẹ ó gbé òun náà sókè, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ ó dúró sí. Iṣẹ́ ni kí ẹ fún un: kí káàdì mìíràn máa ka iye ogre tó wà lójú ìjà, tàbí kí ikú rẹ̀ fún olúwa rẹ̀ ní nǹkan kékeré. Kí ẹ sì dán an wò. Garfield fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò fún oyè ọ̀mọ̀wé ní University of Pennsylvania, ti fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dán géèmù náà wò kó tó di títẹ̀. Bébà pẹlẹbẹ àti gègé ti tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìgbà wo ni ẹnìkan mú Ogre nínú àpò, ǹjẹ́ ó wọ inú 40 rẹ̀, kí ló sì ṣe níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé nígbà gbogbo ni ó ń ṣẹ́kù sẹ́yìn, tí kò sì wọ inú 40 ẹnikẹ́ni, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi àyè rẹ̀ fún òmíràn.