Àlàfo Inú Èjìká Wa



Àwa tí à ń tu ọkọ̀, tí à ń ju àwọ̀n, èjìká wa kì í sinmi. Lọ́jọ́ tó bá kọṣẹ́, aṣọ wíwọ̀ pàápàá á di ìjà.

Lábẹ́ egungun òkè èjìká, àlàfo kékeré kan wà. Ibẹ̀ ni iṣan tó ń gbé apá sókè gbà kọjá. Bí iṣan yìí bá já, àlàfo náà lè há.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún lè wọn àlàfo yìí. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ló ń lò. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde ní 1958. Kì í dunni.

Ẹnìkan á ní, "Ara mi le, kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀n?" Ẹ gbọ́ ná: ẹni tí kò mọ kóńgò tó pé, ṣé á mọ èyí tó dín? Lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni dókítà ti ń mọ òṣùwọ̀n. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ apá sílẹ̀, àlàfo náà sábà máa ń tó mílímítà 7 sí 14. Bó bá dín sí 7, ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣan náà wò.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ wọn èjìká yín tí kò dùn yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìdí rẹ̀. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbà fún wọn. Èjìká yín tó le lónìí lè ran ẹni tí tirẹ̀ ń dùn lọ́wọ́ lọ́la.