Ogun Àgídìngbì: Ọkọ̀ Ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹnu Òkun Èkó

Ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́ṣun, ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tí ẹ ti Ọ̀mù-Àrán àti Èsìẹ́ wá bá wa ní Agbamu, mo júbà.

Kí n tó dìde, baba kan bi mí pé kí ló kan ará òkè bíi tiwa nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú òkun. Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ni kò tíì fojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n létí òkun ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé kan tó fi ààbò fún ẹ̀sìn àjèjì, tí kò sì dárúkọ tiwa. Ìwé náà ni mo ń lọ bá.

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà orúkọ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó sọ pé ní Oṣù Kejìlá ọdún 1851, wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ òwò ẹrú. Ará Èkó kò pè é bẹ́ẹ̀. Ogun Àgídìngbì ni wọ́n pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Àhóyaayà. Ìró ìbọn àgbá ni àgídìngbì, gbogbo wa la sì mọ ohun wíwúwo tó ń balẹ̀ gbì. Híhó yaayà ni ti omi tó ń ru lórí iná. Ẹni tó sọ ogun ní irú orúkọ báyìí kò sí nínú ọkọ̀. Orí ilẹ̀ ló wà, tó ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1808 ni ọkọ̀ ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ etíkun wa. (Ọkọ̀ ilẹ̀ kan náà ti kó ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 3 lọ kọjá òkun kí wọ́n tó ronú pìwà dà.) Títí di nǹkan bí 1860, wọ́n mú ọkọ̀ ẹrú bí 1,600, wọ́n sì gba ènìyàn bí 150,000 sílẹ̀. N kò ní fojú tín-ín-rín èyí. Ajàyí ọmọ Òṣogùn wà nínú ọkọ̀ Potogí kan nígbà tí ọkọ̀ ogun Myrmidon mú un ní 1822. Freetown ni wọ́n sọ̀ ọ́ sí, níbi tó ti di Samuel Crowther. Níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ ti dá egúngún àti ẹgbẹ́ ọdẹ sílẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ di òní. Nínú Polyglotta Africana tí Koelle tẹ̀ jáde ní 1854, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn Yàgbà, aládùúgbò wa, wà níbẹ̀. Freetown ló ti gbọ́ ọ. Bí mo bá dé ojú ewé yẹn, n kì í lè yára ṣí i kọjá.

Síbẹ̀, mímú ọkọ̀ lójú agbami kò tó. Ọkọ̀ ẹrú a máa yọ́ jáde lóru, ibà a sì máa pa àwọn atukọ̀ tó ń ṣọ́ wọn. Èrò wá yí padà: dípò kí a máa lé ọkọ̀ kiri, ẹ jẹ́ kí a gba èbúté. Ṣùgbọ́n Èkó ní odi tí ẹnikẹ́ni kò mọ. Yanrìn ni. Omi ẹnu òkun náà kò jìn, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ìta ni wọ́n ń dákọ̀ró sí. Ọlọ́kun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń sọ pé ètùtù kan ló kù tí Èkó kò rú. Èmi kò gbà. Ohun méjì ló ṣí ọ̀nà náà. Èkíní ni ọkọ̀ kékeré tí ń fi ooru omi rìn, tí kò dúró de atẹ́gùn, tí ìdí rẹ̀ kò sì wọ inú omi púpọ̀. Èkejì ni ìjà ilé. Kòsọ́kọ́ ti lé Akítóyè, arákùnrin bàbá rẹ̀, kúrò lórí oyè ní 1845. Akítóyè sì lọ bẹ òyìnbó kí wọ́n gbé òun padà, ó ní òun yóò fòpin sí òwò ẹrú.

Ní ọjọ́ 25 Oṣù Kọkànlá, Beecroft tó jẹ́ kọ́ńsù wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ Bloodhound. Wọ́n yìnbọn fún un, ó sì padà sẹ́yìn. Kòsọ́kọ́ ri òpó igi mọ́ inú omi, ó gbẹ́ yàrà sí etí ọ̀sà, ó to ìbọn àgbá jọ. Nígbà tí wọ́n padà dé ní ọjọ́ 26 Oṣù Kejìlá, Bloodhound àti Teazer há sórí yanrìn, ọta sì ń bọ́ lù wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tó ju 10 lọ kú, ó ju 70 lọ tó fara gbọgbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, rọ́kẹ́ẹ̀tì dáná sun ilé lẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ kẹta Kòsọ́kọ́ fi ìlú sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Bruce, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun náà, àti Beecroft fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Akítóyè. Ìwé náà fòpin sí òwò ẹrú àti fífi ènìyàn rúbọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ tọkàntọkàn pé ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tún pàṣẹ ààbò pípé fún àwọn míṣọ́nnárì. Kò sí ìlà kan fún babaláwo, kò sí fún olóòṣà. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Prometheus kọjú ìbọn sí ìlú, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè sì fọwọ́ sí i pé Èkó di ti Ọbabìnrin, ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ 1861.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ń kọ́ni pé irọ́ ni pé ọkọ̀ wọ̀nyẹn gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn ọmọ 150,000 wọ̀nyẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé ń kọ́ wọn náà kò dárúkọ Àgídìngbì. Mo ti bẹ ìgbìmọ̀ kí a kọ Freetown àti Àgídìngbì sínú ìwé kan náà fún àwọn ọmọ wa. Wọn kò tíì dáhùn.

Mo rí i pé baba ti nawọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè.