Ìkòkò Irin Ilé Wa: Ẹ Má Tà Á, Ẹ Tọ́jú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ní Kùmásí

Wọ́n ní kí àwa obìnrin sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ilé, a sì mú ọ̀rọ̀ ìkòkò irin. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ìkòkò ní í ṣe pẹ̀lú ìgbáyégbádùn ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ sì ni pẹ̀lú.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Alabar dé Asawase, ìkòkò irin dúdú kan wà lẹ́yìnkùlé tí ìyá tàbí ìyá àgbà fi sílẹ̀. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ọ̀fà. Ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti palẹ̀ mọ́, ohun tó wúwo kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbé. Nítorí náà, ìkòkò tó kù sẹ́yìn lọ́dọ̀ aládùúgbò, tó sì tún padà sọ́wọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe irin lásán.

Lónìí, ó ti dógùn-ún. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri ń wò ó. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á san owó táṣẹ́rẹ́, àwa náà á fi owó kún un, a ó lọ ra ìkòkò fífúyẹ́ ní Kejetia. Pàṣípààrọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ wò.

Orúkọ kan náà ni ọjà fi ń pe méjèèjì. Ní èdè Twi, dade ni irin, sɛn ni ìkòkò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà jù lábẹ́ orúkọ dadesɛn lóde òní, àlúmíníọ̀mù ni. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń yọ́ àlúmíníọ̀mù àlòkù, tí wọ́n ń dà á sínú iyanrìn. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń bọ́ ìdílé. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ohun tí ó ń wọ inú iná. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, redíétọ̀, agolo, gbogbo rẹ̀ lè di ìkòkò kan ṣoṣo, òjé sì lè bá wọn wọlé. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ohun èlò ìdáná àlúmíníọ̀mù 42 tí wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Wọ́n se omi kíkan nínú wọn fún wákàtí méjì, 15 nínú wọn sì tú òjé sínú omi náà dé ìwọ̀n tó yẹ kí a bẹ̀rù. Kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọmọdé. Ọpọlọ ni ó ń bà jẹ́. A kò ní kí ẹ kó gbogbo ìkòkò àlúmíníọ̀mù dànù o. A ní kí ẹ má fi ìkòkò tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ pààrọ̀ èyí tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n yọ́ sínú rẹ̀.

Irin ní tirẹ̀ ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ sínú oúnjẹ, ìyẹn sì wúlò fún ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan ní Etiópíà, tí ìwé ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé lẹ́yìn oṣù 12, ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ìkòkò irin dáná fún sunwọ̀n ju ti àwọn tí wọ́n ń fi àlúmíníọ̀mù dáná fún lọ. Ìkòkò kò gba ipò dókítà o. Ẹni tí ó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè, nítorí irin lè pọ̀ jù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe máa mọ irin? Ẹ mú òòfà, irú èyí tó wà nínú rédíò tó ti bàjẹ́. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò náà, irin ni. Àlúmíníọ̀mù kì í fa òòfà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi kékeré lù ú. Bí ó bá ró gooro bí agogo, ara rẹ̀ le. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ wò ó dáadáa, ó lè ti sán. Ìkòkò tí ẹnikẹ́ni bá sì ti fi yọ́ òjé tàbí po oògùn kòkòrò rí, ẹ má fi se oúnjẹ mọ́ láé.

Bí ó bá yege, ìdógùn-ún kì í ṣe ikú rẹ̀. Èkíní, ẹ fi kànìnkànìn onírin tàbí iyanrìn ha á títí irin yóò fi hàn. Bí ìdógùn-ún bá le, ẹ po fínígà àti omi dọ́gba-dọ́gba, ẹ fi rẹ ẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fínígà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ ṣàn án, ẹ sì gbé e sórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí omi gbẹ tán.

Èkejì, nígbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á nínú, lẹ́yìn àti lẹ́sẹ̀. Òróró sóyà tàbí ti ẹ̀pà ló dára. Epo pupa dára fún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè dì mọ́ irin. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àkísà gbígbẹ, ẹ nù ún bí ẹni pé ẹ fẹ́ nu gbogbo òróró náà kúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: bí òróró bá pọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta ni iná. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ẹni tó ní ófùn, kí ó dojú rẹ̀ dé sínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru Celsius 200 sí 230 fún wákàtí kan. Ẹni tó ń lo kóòlùpọ́ọ̀tù, kí ó gbé e síta, kí ó jẹ́ kí ó rú èéfín títí èéfín yóò fi dá, kí ó máa yí i kí ooru lè dé ibi gbogbo. Kí àwọn ọmọdé jìnnà. Bí ó bá tutù, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ooru yóò sọ òróró yẹn di awọ dúdú líle; kì í ṣe epo mọ́, aṣọ ìkòkò ni, òun ni kì í jẹ́ kí omi kan irin.

Ní ti ojoojúmọ́, ẹ má da omi tútù sínú ìkòkò irin gbígbóná, yóò sán. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ tòmátì sùn sínú rẹ̀. Kíkan rẹ̀ ń bó aṣọ yẹn. Omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọṣẹ dúdú wa. Àwọn Aṣáńtì ń pè é ní alata samina, ọṣẹ àwọn ará Alata, ìyẹn àwa gan-an. Eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń fọ ara mọ́, ṣùgbọ́n bí eérú náà bá le, ó lè bó aṣọ ìkòkò. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná, ẹ fi òróró bíńtín nù ún, ẹ tẹ́ bébà sáàárín òun àti ọmọrí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Òjò Kùmásí pọ̀. Ìkòkò tí a dé pẹ̀lú omi nínú kò ní pẹ́ dógùn-ún.

Ẹni tí ó bá ní ìkòkò irin, tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó bá ọ̀kan nínú àwa obìnrin ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. A ó jọ dáná rẹ̀ ní àgbàlá kan ní ọjọ́ Sátidé. Kí ẹni tó ń ra irin àlòkù tó tún kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti gbé e wọlé. Ohun tí àwọn ìyá wa fi bọ́ wa, kí ó bọ́ àwọn ọmọ wa náà.