Ọkọ́ Kì í Ṣe Ìyà: Ọgbà Ẹ̀fọ́ àti Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Nílùú Kaduna

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń retí, nítorí ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo ti lo ọdún 33 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo gbé wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Àwa tí a ti pẹ́ nílùú yìí kò lè gbàgbé Kakuri nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kaduna Textiles Limited tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957 kógbá sílé ní 2002. United Nigerian Textiles náà ti ilẹ̀kùn ní 2007, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà ṣí i díẹ̀ lẹ́yìn náà. Owó oṣù ibẹ̀ ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ nínú yín nílé ìwé. Ọmọ tí kò rí kí bàbá rẹ̀ jí lọ síbi iṣẹ́ rí, ta ni kó wò ṣe àpẹẹrẹ? Àwọn tó wà ní ìkóríta ló ń wò. Ìwádìí tí àjọ National Bureau of Statistics àti àjọ UNODC gbé jáde ní January 2019 sọ pé mílíọ̀nù 14.3 èèyàn ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 15 títí dé 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sí ọmọ tiwa nínú wọn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìn ilé mi. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan máa ń jókòó lórí fẹ́ǹsì, òórùn igbó wọn á sì máa bá mi nínú yàrá. Dípò kí n máa lé wọn, mo ní kí wọ́n wá bá mi roko, kí n máa san owó ojúmọ́ fún wọn. Wọ́n wá. Àmọ́ bí iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe é: bí mo bá dúró tì wọ́n, ọkọ́ á máa dún, bí mo bá wọlé, ó parí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ̀ṣẹ̀ wo la tilẹ̀ ṣẹ̀ yín?” Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Mo ronú lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí títí. Nílé ìwé, ọmọ tó bá pẹ́ dé, ọkọ́ ni wọ́n á gbé lé e lọ́wọ́. Ọmọ tó bá pariwo ní kíláàsì, kó lọ ro ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́. Àwa la fi ọwọ́ ara wa kọ́ wọn pé ìyà ni iṣẹ́ ilẹ̀, a sì tún ń bínú pé wọn kò fẹ́ ṣe àgbẹ̀. Nígbà tí Operation Feed the Nation dé ní 1976, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà. Wọ́n kó wa lọ sóko ilé ìwé, a gbin àgbàdo, n kò sì rántí pé ẹnikẹ́ni nínú wa fẹnu kan àgbàdo náà.

Mo bá yí ètò padà. Mo dá owó ojúmọ́ dúró, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ebè méjì. Mo ní ohun tó bá tibẹ̀ jáde, tirẹ̀ ni, lẹ́yìn tó bá ti san owó irúgbìn padà. Tẹ̀tẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní alayyaho, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a ti lè máa tà á. Ọmọ tí ìkóríta ń fún lówó lójoojúmọ́ kò lè dúró de iṣu. Lẹ́yìn náà la bọ́ sórí ewédú. Nígbà tí mo da omi gbígbóná lé èso ewédú, ọ̀kan pariwo pé mo ti pa á. Mo ṣàlàyé pé èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi omi gbígbóná jí i, kí a sì yára yọ ọ́ kó má bàa jiná. Ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS 2 bi mí ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà. Wọ́n mọ̀ pé ìgbẹ́ adìyẹ tútù a máa jó ewé, àfi kó kọ́kọ́ jẹrà. Bàbá Hausa kan tó ń ṣe lambu létí odò Kaduna ló kọ́ wọn bí a ṣe ń la ọ̀nà omi sáàárín ebè, kò sì gba kọ́bọ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ìwé tí mo ní kí wọ́n máa kọ: iye owó irúgbìn, iye ìdì tí wọ́n tà, oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó. Ọ̀kan nínú wọn, ẹni tó dákẹ́ jù, mọ ìṣirò ju àwọn kan tí a jọ jókòó ní ọ́fíìsì lọ. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Kakuri.

Lóṣù March ọdún kejì, ìsìnkú gbé mi lọ sí Ọ̀fà. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fẹ́ lò. Ó di mẹ́ta. Ẹ mọ ooru March níbí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹ̀rọ omi wà, inú àpò mi ló wà ní Ọ̀fà. Nígbà tí mo fi máa dé, gbogbo ebè ti gbẹ, àwọn ọmọ sì ti padà sí ìkóríta. Ẹni tó mọ ìṣirò náà, wọ́n ti kó o mọ́ àwọn tó ń ta oògùn. N kò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù mí lọ. Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ìlú ilé iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀ bíi Kakuri, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà sì ti ilẹ̀kùn. Ní 1993, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Will Allen, ọmọ àgbẹ̀ tó ti fi básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe rí, ra ilé onígíláàsì àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbin nǹkan sí níbẹ̀, nítòsí ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tálákà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bá a. Wọ́n ń kó oúnjẹ tó ti bàjẹ́ jọ fún ekòló kó lè di ilẹ̀ ọlọ́ràá, wọ́n ń sin ẹja tilapia, omi ẹja náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ẹ̀fọ́. Growing Power ni wọ́n pe ibẹ̀. Ní 2008, ó gba ẹ̀bùn MacArthur, ìyẹn $500,000. Ní 2010, ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ní ipa jù láyé. Ní 2017, Growing Power wọ gbèsè, ó sì pa rẹ́. N kò sọ ọ́ láti bu ọkùnrin náà kù. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọbìnrin rẹ̀, Erika Allen, wà lára àwọn tó dá Urban Growers Collective sílẹ̀ ní Chicago, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ oníṣirò owó rí i pé ibi tí ọgbà ẹni tó lókìkí yẹn bá já sí, ẹ̀yìn ilé tèmi náà lè já síbẹ̀, bó bá jẹ́ ọrùn ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣọ́ọ̀bù a máa mówó wọlé. Ìdajì tó wà níhà kànga ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì péré. Kí àgbà mẹ́ta máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí ọjọ́ kankan má lọ láìsí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn. Kí ẹni tó ń tọ́jú owó má jẹ́ ẹni tó ń kọ́ wọn níṣẹ́. Bí a bá sì fẹ́ fìyà jẹ ọmọ kan, kí a wá nǹkan mìíràn. Kí a má gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ó wá kí mi, ó sì béèrè bóyá ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó wà. Òjò máa dáwọ́ dúró ní October, ebè sì ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni kí a ti sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí.